Ẹ Má Dúró De Ìgbà Tí Eyín Ọmọ Yóò Máa Dùn Ún

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìgbáyégbádùn sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Máfolúkù

Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tí ẹ kò tíì fojú ba oorun, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ẹ pa ọkọ̀ tì kí ẹ tó wá síbí, ẹ ṣeun, nítorí mo mọ̀ pé wákàtí kan tí ọkọ̀ kò bá rìn, owó ló lọ yẹn.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eyín àwọn ọmọ wa tó ń lọ sílé ìwé. Mo rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó yẹ kó máa jà fún owó oṣù, kí ló kàn án pẹ̀lú eyín ọmọdé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí eyín bá ń dun ọmọ lóru, ta ni kì í sùn? Ta ni yóò lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá láàárọ̀? Owó ta ni wọn yóò kó lọ sí kẹ́míìsì? Owó oṣù tí a jà fún náà ni. Bí a bá ń bu omi sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu, ìgbà wo ni yóò kún?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ ọ́. Awakọ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ihò nínú eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ ń dùn ún, wọ́n ra kapusu ní kẹ́míìsì, wọ́n tú u, wọ́n da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sínú ihò náà. Ó rọlẹ̀, gbogbo ilé dúpẹ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú, ó wú dé abẹ́ àgbọ̀n, kò lè la ẹnu mọ́, itọ́ kò ṣeé gbé mì. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi dá a dúró sí ọsibítù, tí wọ́n ń fa omi sí i lára, kí wọ́n tó yọ eyín náà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ kan ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi eyín náà hàn án, ó ní, “Kò burú, dókítà, ṣebí eyín ọmọdé ni, òmíràn yóò hù.” Dókítà mi orí. Ó ní, “Rárá o, bàbá. Èyí kì í hù lẹ́ẹ̀mejì.”

Ẹnu ya bàbá náà, ó sì ya èmi náà tí mo bá a lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè, tí mo sì ń wádìí. Ohun tí mo mọ̀ ni mo wá sọ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà tún gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu dókítà.

Ogún ni eyín ọmọ kékeré. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí mì, wọ́n á máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á sì máa jù wọ́n sórí òrùlé kí alángbá má baà rí i, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe. Ìyẹn ni gbogbo wa mọ̀. Èyí tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ní àkókò kan náà, eyín mẹ́rin mìíràn á yọ lẹ́yìn gbogbo àwọn ti àkọ́kọ́, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọn kò lé eyín kankan jáde. Wọn kò dúró de kí ohunkóhun bọ́ kí wọ́n tó wọlé. Bí èrò tó wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n rí. Kí dírẹ́bà tó wojú dígí, wọ́n ti jókòó. Nítorí náà ni bàbá àti ìyá fi máa ń rò pé ara eyín ọmọdé ni wọ́n, pé bí wọ́n bá tilẹ̀ bàjẹ́, wọn yóò bọ́, òmíràn yóò sì rọ́pò wọn.

Kò sí òmíràn. Eyín àgbà ni wọ́n. Àwọn ni ọmọ yẹn yóò fi jẹ ẹran àti àgbàdo sísun títí tí yóò fi hu ewú. Àwọn náà ló sì tètè ń bàjẹ́ jù, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì mọ eyín fọ̀ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orí eyín náà kò tẹ́jú. Ó ní ojú tóóró-tóóró bí ojú táyà tuntun, oúnjẹ á sì há sínú rẹ̀ bí ẹrẹ̀ ṣe ń há sí ojú táyà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, kó lọ sílé, kó ní kí ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́fà la ẹnu níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà, kó bẹ̀rẹ̀ sí ka eyín láti àárín gbùngbùn iwájú lọ sẹ́yìn. Ìkẹfà ni. Ọdún kẹfà, eyín kẹfà. Kò ṣòro láti rántí. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tàbí ihò lórí rẹ̀, ẹ má béèrè bóyá ó ń dùn ún. Ẹ gbé ọmọ náà lọ.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí. Ìrora ni gbogbo wa fi ń mọ̀ pé eyín ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìrora ló máa ń dé kẹ́yìn. Ihò kékeré kì í dun ọmọ. Nígbà tó bá fi máa dùn ún gidigidi, ihò náà ti dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà nínú eyín. Ihò kékeré, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dí i láàárín àkókò díẹ̀, ọmọ á padà sílé ìwé lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ti dé inú, ó lè jẹ́ yíyọ ló kù. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà níbí mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó tún ibi tí epo ti ń jò ṣe lónìí kò ní í ra ẹ́ńjìnnì lọ́la. Ní ti wíwú abẹ́ àgbọ̀n, ẹ má fi ṣeré rárá, nítorí ó lè dí ọ̀nà èémí, ó sì lè pa ènìyàn. Ọmọ tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú tí kò lè gbé itọ́ mì, ọsibítù ni kíá, ì báà ṣe lóru.

Kí ló ń ba eyín jẹ́? A máa ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdin. Ẹni tó bá fi ewé àti èéfín fa ìdin jáde lẹ́nu yín, idán ló pa fún yín. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, ẹnu gbogbo ènìyàn ni wọ́n sì wà. Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ di kíkan. Kíkan náà ló ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ á máa fọ kíkan náà kúrò, ṣùgbọ́n ó máa ń tó nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó ṣe tán. Ẹ wá wò ó. Ọmọ kan jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ kejì ra góòdì-góòdì nígbà ìsinmi, ó ra bàbá dúdú nígbà tí ilé ìwé jáde, ó ń lá súwíìtì bọ̀ lọ́nà, ó tún ń mu mínírà díẹ̀díẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n di alẹ́. Ó lè jẹ́ pé iye ṣúgà kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ kejì kan láti ọ̀sán di alẹ́, eyín rẹ̀ kò rí ààyè sinmi. Iye ìgbà tí adùn ń wọ ẹnu ni ká kọ́kọ́ máa ṣọ́, ju bó ti pọ̀ tó lọ.

Èyí kan àwa òbí gan-an. Ta ni ń ra mínírà àti súwíìtì nínú gòsílóò Òṣòdì lọ fún ọmọ nílé? Àwa ni. Nítorí pé ọmọ ti sùn ká tó jáde, ó sì ti sùn ká tó wọlé, adùn la fi ń bẹ̀ ẹ́. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà àti ọsàn náà wà nínú gòsílóò kan náà. Òfin ìnáwó ti 2021 ti fi owó orí N10 lé lítà kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ṣúgà sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní 2022. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ béèrè pé kí apá kan nínú owó yẹn lọ sí ẹnu àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí ẹnu wọn ni wọ́n ti pa á.

Ní ti fífọ̀, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, ti alẹ́ kí ọmọ tó sùn ló sì ṣe pàtàkì jù. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n bá kọ fluoride sí lára ni kí ẹ rà. Èyí tí owó rẹ̀ kéré tó ní fluoride sàn ju olówó ńlá tí kò ní lọ. Fún ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́ta, kí ọṣẹ náà má ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ. Fún èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, bíi hóró ìrẹsì. Kí ọmọ tu ìfófòó dànù, kó má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí oògùn inú ọṣẹ náà lè dúró lára eyín. Títí ọmọ yóò fi tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ, kí àgbàlagbà bá a fọ ti ẹ̀yìn.

Àwọn kan á bi mí pé pákò àwọn bàbá wa ńkọ́? Ó dára. Orín ata, orín Ìjẹ̀bú, àyán, dógóńyárò, gbogbo wọn ló ń fọ eyín mọ́ bí ẹni tó ń run ún bá fara balẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti ní kí àwọn tó ń lo orín máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń run orín láàárọ̀ tó sì ń mu mínírà mẹ́ta kó tó di alẹ́, kó má fi orín ṣe àwáwí. Ohun dídùn kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn bàbá wa tó báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oògùn àbọ́dé. Mo ti gbọ́ ní gáréèjì pé wọ́n ń fi òwú tẹ omi bátìrì sórí eyín. Ẹ̀yin ará, omi tó ń jẹ irin! Ó ń pa ìrora nítorí pé ó ń jó ẹran ẹnu. Àwọn mìíràn ń lo tábà, àwọn mìíràn kẹrosíìnì. Ti tẹtirasáìkílìn, kapusu tí àwọn òbí wa máa ń lò sí gbogbo àìsàn, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá ń gbé e mì, ó lè sọ àwọn eyín àgbà tó ṣì ń mọ lábẹ́ di aláwọ̀ ìyeyè tàbí bí omi tábà. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹ sì rántí ọ̀ràn My Pikin. Oògùn olómi tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń hu eyín ni. Ní 2008, wọ́n rí i pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ti wọ inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń lò nínú epo búréèkì. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́. Ọmọ 84 ni wọ́n kà tó kú. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ àwọn òṣìṣẹ́ méjì nínú ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje-méje. Àwa tí a wà ní ilé iṣẹ́ mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú gba ọjà wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ lónìí ni pé eyín híhù kì í fa ibà líle, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà tí eyín ń hù náà ni ọmọ ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu, ibẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé. Àwọn ìyá yẹn fẹ́ràn ọmọ wọn. Ohun tó ṣe wọ́n ni pé gbogbo wa ti gbà pé ọ̀rọ̀ eyín kò ju ti kẹ́míìsì lọ.

Ẹ̀rù ọsibítù eyín náà wà, a kò lè ṣe bí ẹni pé kò sí. A ti fi ẹ̀mú dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa: “Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á yọ eyín rẹ!” Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti yàtọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, ní Tanzania, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n fi irinṣẹ́ ọwọ́ lásán ha ibi tó ti rà kúrò, tí wọ́n sì fi ohun kan tó ń dì mọ́ eyín dí i, láìlo ẹ̀rọ tó ń lu eyín, láìlo iná mànàmáná. Ní ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bí tiwa, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Oògùn olómi kan tún wà, silver diamine fluoride, tí wọ́n ń fi kan ihò kó má baà fẹ̀ sí i. Ó ń sọ ibi tó bàjẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́, kò sí lílu. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé oògùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n ní ìlú ní 2021. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ ọmọ yín.

Àwọn ìlú kan kò tilẹ̀ dúró de òbí. Ní New Zealand, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí ìjọba rí bí eyín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ológun ti bàjẹ́ tó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì eyín ní 1921. Wọ́n fi ọdún méjì kọ́ wọn, wọ́n sì ń gbé wọn sínú ilé ìwé pẹ̀lú àga àti irinṣẹ́, kí ọmọ kàn jáde ní kíláàsì rẹ̀ kó lọ jókòó. Ìlú púpọ̀ ló kọ́ ọ lára wọn. Orílẹ̀-èdè wa náà ní ìlànà ìlera ilé ìwé láti 2006, àti ìlànà ìlera ẹnu láti 2012. Ìwé náà dára. Àga eyín nínú ilé ìwé ìjọba ni n kò tíì fojú rí ní àdúgbò wa.

Títí di ìgbà tí yóò fi dé, ẹ jẹ́ ká lo ohun tó wà lọ́wọ́. Èyí gan-an ló mú mi dìde lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́, ẹ yọ ìwé owó oṣù yín wò. Ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n ń yọ owó ìlera lára rẹ̀, tàbí tí ilé iṣẹ́ ń san án fún. Nínú ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 tí a ń pè ní NHIS tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni owó náà wà fún. Ìtọ́jú eyín wà nínú rẹ̀: àyẹ̀wò, ẹ̀kọ́ lórí eyín, dídí ihò, àti yíyọ eyín tí kò le. Ẹ gbọ́ o, dídí ihò wà níbẹ̀! Òfin tuntun ti 2022 sì ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Síbẹ̀ káàdì wà nínú àpótí, ọmọ ń sunkún eyín, bàbá ń ra kapusu.

Ètò àwọn HMO aládàáni kò rí bákan náà. Òmíràn fi gbèdéke sí owó eyín, òmíràn kò fi eyín sí i rárá. Ẹ béèrè kí eyín tó dùn. Kì í sì í ṣe pé ẹ ó kàn gbé káàdì dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ilé ìwòsàn tí orúkọ yín wà ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, àwọn ni yóò kọ ìwé, tí HMO yóò sì fún wọn ní nọ́ńbà àṣẹ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó lórí ohun tó wà nínú ètò yín, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ mú un wá bá mi.

Ẹ̀yin onímọ́tò tí kò ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù, tiyín ni Ìlera Èkó, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá 2018. N40,000 lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà nígbà náà. Ẹ béèrè iye tó jẹ́ nísinsìnyí àti irú ìtọ́jú eyín tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò sì ní káàdì kankan, kó béèrè ní ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ ọn. LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, ní ẹ̀ka tó wà fún eyín ọmọdé nìkan, kò sì jìnnà sí Òṣòdì tí ẹ bá gba Múṣin. LASUTH ní Ìkẹjà náà ń tọ́jú eyín.

Ohun kan kù tí agbára ẹnì kan kò ká, àfi ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ń pàdánù owó ọjọ́ náà, nítorí náà ló fi ń dúró títí ọmọ yóò fi wú lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ti bá alága sọ ọ́: kí a fi í sínú ohun tí a óò gbé síwájú àwọn ọ̀gá, pé kí òṣìṣẹ́ rí ìdajì ọjọ́ gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, láìgé owó rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i lónìí, akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọmọ láàárín ọdún mẹ́fà sí méjìlá, kó kọ orúkọ àti ọjọ́ orí ọmọ náà sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà yìí, kó sì kọ orúkọ HMO rẹ̀ sí i bó bá ní. Kí ẹ mú káàdì yín dání wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ká jọ ka ohun tó wà nínú ètò kálukú. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nàka sókè.